Lẹ́yìn Ẹ̀fà, Èje Ló Kàn

Òwe kan wà tí a fẹ́ràn láti máa pa nílẹ̀ yìí: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe gidi ni, mi ò bá a jà. Àwọn tó ń fi òwe náà dípò ìwádìí ni mò ń bá jà.

Ẹ wò ó. Ajá ọmọ ọdún méjì, tó ń sáré yí ilé ká, tó ń jẹun dáadáa, tó ń gbó mọ́ gbogbo ọlọ́kadà tó bá kọjá, á kàn ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ara rẹ̀ á le bí igi. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa ta nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Itọ́ á máa hó lẹ́nu rẹ̀, á tọ̀ sára. Láàárín ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ó ti tán. Kí ajá náà tó dìde, gbogbo ará ilé ti mọ ohun tó ṣe é. Ìyá tó ń ta ata níwájú ilé ní wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. Bàbá onílé ní ọfà ni. Bọ̀dá tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ní eré àsájù ni. Ẹnì kan ti gbé epo pupa dé.

Kò sí ẹnì kankan tó wo aago. Kò sì sí ẹni tó yọ fóònù, àwa tí a kì í jẹ́ kí ìjà àárín títì kan lọ láìká a sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Tí a ò bá mọ ohun tó fa nǹkan, iṣẹ́ ló kàn. Ìtàn kọ́. Sọ́fítíwíà ni mò ń kọ, iṣẹ́ tó sì ń bọ́ mi jù níbẹ̀ ni kí n máa wá ìdí tí nǹkan fi bàjẹ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí oníbàárà kan ò ní pè pé "ó kàn ṣàdédé dákẹ́ ni." Nǹkan kì í ṣàdédé dákẹ́. A lè má tíì rí ìdí rẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí pé kò ní ìdí. Ó sì yàtọ̀ gidi sí pé kí á fún un ní ìdí tó bá ṣáà ti wù wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí májèlé, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu. "Àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ti fún un ní nǹkan jẹ." Ó ṣeé ṣe o. Àwọn olè máa ń fi májèlé sínú ẹran ju sí ajá kí wọ́n tó fo ògiri. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ bá ará ẹ̀yìnkùlé jà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: ta ló fi ọ̀tápíápíá wẹ ajá yẹn ní Sátidé tó kọjá nítorí eégbọn?

Mo ti rí i ní Ìbàdàn, mo ti rí i l'Ékòó. Eégbọn bo ajá. Wọ́n á lọ ra oògùn tí wọ́n ń fi pa ẹ̀fọn àti aáyán, wọ́n á dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, wọ́n á fi wẹ ajá láti orí dé ìrù. Ajá á sì lá ara rẹ̀ gbẹ, torí pé ajá ni. Dichlorvos ló wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ìgò yẹn. Ohun tó ń ṣe fún aáyán náà ló ń ṣe fún ajá, òun náà ló sì ń ṣe fún ẹ̀yin tí ẹ fi ọwọ́ lásán pò ó. Bí iṣan bá fẹ́ kí ẹran ara ṣiṣẹ́, ó máa ń fi kẹ́míkà kan rán iṣẹ́ sí i. Tí iṣẹ́ náà bá ti jẹ́ tán, nǹkan mìíràn wà nínú ara tó máa ń pa kẹ́míkà náà rẹ́ kí àṣẹ lè dópin. Dichlorvos ń so ọwọ́ ẹni tó yẹ kó pa á rẹ́. Àṣẹ ò wá lópin mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù, loop tí kò ní ibi tó ti máa dúró nìyẹn. Ajá á máa da itọ́, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, á máa bì, á máa yàgbẹ́, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, títí gìrì fi máa mú un.

Ó ní oògùn tí dókítà ẹranko ń lò sí i, atropine ni orúkọ rẹ̀, tí ẹ bá tètè gbé ajá náà débẹ̀, tí ẹ sì sọ òótọ́ nípa ohun tí ẹ fi wẹ̀ ẹ́. Epo pupa kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Ta ló tilẹ̀ kọ́ wa ní epo pupa yìí gan-an? Ajá tí gìrì ń mú kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo tí ẹ dà sí i lọ́nà ọ̀fun, mílíìkì tí ẹ rọ sí i lẹ́nu, àlùbọ́sà tí ẹ gún, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń gbà. Gìrì ìṣẹ́jú méjì kò pa ajá náà. Epo tó wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló pa á lọ́jọ́ kẹrin, ẹ ó sì dúró tì í pé, "Ṣé ẹ rí i, májèlé yẹn lágbára o."

Ó kan ọfà. Wọ́n ní ibi tó ń bọ̀ wá bá olówó ajá ni ajá fi ara gbà. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Báwo lẹ ṣe ń san oore rẹ̀ fún un? Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ ti ń wá ẹni tó máa rà á fún ẹran jíjẹ, tàbí kí ẹ jù ú sílẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ajá tó gba ikú dípò yín, ẹ tà á torí pé kò gbà á tán. Ẹni tó bá gba ọfà gbọ́ gidi, ṣebí ìtọ́jú ló yẹ kó fún ajá náà títí ayé.

Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń bá èrò yìí jà. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ń pe wárápá ní àrùn mímọ́, pé àwọn òrìṣà ló ń fi ṣe ènìyàn. Nínú àwọn ìwé ìṣègùn tí wọ́n kà mọ́ Hippocrates, ọ̀kan wà tó dá lórí àrùn yìí nìkan, ó sì sọ ọ́ kanlẹ̀ pé kò mọ́ ju àrùn yòókù lọ. Ara ẹran ni òǹkọ̀wé náà ti mú ẹ̀rí. Ó ní àrùn yìí máa ń ṣe ewúrẹ́, pé ẹni tó bá la orí ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀ á rí i pé ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Òye rẹ̀ nípa ohun tó wà nínú ọpọlọ kò pé, ṣùgbọ́n ó wo ibi tó yẹ kó wò. Ewúrẹ́ ò ní orogún. Ajá ò du oyè pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ọpọlọ ni àwa àti wọ́n jọ ní.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbàdúrà. Mi ò sí níbẹ̀ láti dí yín lọ́wọ́. Àdúrà ò ní kí ẹ má wo aago.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni eré. "Ajá yín ti ń sáré jù, ó ti lo agbára rẹ̀ tán." Èyí ló jọ òótọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà òun ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò dáadáa. Àìsàn kan wà lóòótọ́ tí eré máa ń fà. Ó wọ́pọ̀ lára Labrador. Tí ajá bẹ́ẹ̀ bá ti sáré àsápajúdé fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, á ṣubú. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ kéde pé wọ́n ti rí àbùkù tó ń fà á nínú jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní DNM1. Ẹ fi etí sí ohun tó yà á sọ́tọ̀: ọ̀pọ̀ ìgbà ni ojú ajá náà máa ń wà lójúfò, ó mọ̀ yín, ó kàn jẹ́ pé ẹsẹ̀ ò gbé e ni. Ọkàn tí kò lu dáadáa náà lè mú kí ajá dákú lẹ́nu eré. Ìyẹn máa ń ṣubú rọ̀ jọ̀ọ̀jọ̀, á sì tètè dìde bí ẹni pé nǹkankan ò ṣẹlẹ̀. Oòrùn ọ̀sán náà lè pa ajá onírun púpọ̀ tí a kó wá láti ilẹ̀ òtútù, tí a wá so mọ́ abẹ́ páànù.

Wárápá gidi ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí ajá bá ń sinmi, tàbí tó ń sùn, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ló máa ń wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ajá á máa rìn kiri bí ẹni tó sọnù nínú ilé ara rẹ̀, á máa kọlu àga, á lè má ríran dáadáa, ebi á máa pa á, kò sì ní dá yín mọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí wákàtí díẹ̀. Ẹ rí i báyìí pé àárọ̀ kùtù tí ajá ti ń sùn ló ṣẹlẹ̀, tí Bọ̀dá yín sì ń ní eré ni. Eré wo?

Ìdí tí mo fi ń béèrè fún kúlẹ̀kúlẹ̀ rèé. Ajá mẹ́rin lè ṣubú, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ̀n, kí ìdí rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Kódà àwọn tó ní ohun èlò ìwádìí náà máa ń ṣì í mú. Irú ajá kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Border Terrier. Ara àwọn kan nínú wọn máa ń le, wọ́n á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n á máa gbọ̀n, àmọ́ wọ́n mọ gbogbo ohun tó ń lọ láyìíká wọn. Wọ́n ti ka ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ oníwárápá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fara balẹ̀ wò ó, wọ́n rí i pé gluten, ohun tó wà nínú àlìkámà, ni ara wọn kọ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ wọn, ara wọn sì balẹ̀. Oúnjẹ lásán! Ìka tó bá ṣẹ̀ l'ọba ń gé, ṣùgbọ́n ọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìka tó ṣẹ̀. Àwa ń gé gbogbo ọwọ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tó ń bí ọ̀pọ̀ yín nínú: kí dókítà wo ajá tán, kó gba owó, kó wá ní "a ò mọ ohun tó fà á." Àwọn kan á ní, "Ṣé torí èyí ni mo ṣe wá? Èmi náà ò kúkú mọ̀ ọ́n." Rárá o. "Mi ò mọ̀" tiyín àti "mi ò mọ̀" tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, tó bá jẹ́ pé ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọpọlọ ẹranko láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi kọ ìlànà jáde lórí bí a ṣe ń dé ibi tí a ti lè sọ pé ajá ní irú wárápá tí kò ní ìdí tó hàn sójú. Àkọ́kọ́, gìrì náà gbọ́dọ̀ ti wá tó ẹ̀ẹ̀mejì, kí àárín wọn tó wákàtí 24 ó kéré tán, láìsí ohun kan tó rú u sókè. Ìkejì, kí ti àkọ́kọ́ ti wáyé láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́fà ọjọ́ orí ajá náà. Ìkẹta, nígbà tí gìrì ò bá sí ńlẹ̀, kí ara ajá náà pé, kí ìrìn rẹ̀ gún, kí ojú rẹ̀ máa ríran. Ìkẹrin, kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ má fi nǹkankan hàn: ṣúgà ò wálẹ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́, kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Nílẹ̀ tiwa níbí, dókítà tó mọṣẹ́ á fi tiwa kún un: ṣé ẹ̀jẹ̀ ò ní kòkòrò tí eégbọn ń gbé wọlé? Ṣé ajá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára distemper, tó ń ba ọpọlọ àwọn ajá kéékèèké jẹ́? Ṣé ó gba ti dígbòlugi?

Ẹni tó bá la gbogbo èyí kọjá tó wá sọ pé òun ò mọ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn mẹ́wàá pa kí ó tó dúró síwájú èyí tó ṣẹ́kù. Ó ti mọ ohun tí kì í ṣe. Lórí ìyẹn nìkan, ó lè fún ajá yín ní oògùn tó yẹ. Irú ajá yìí ni wọ́n ń sọ pé ó lè ti inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé rẹ̀ wá, wọ́n sì ń rí àwọn kan níkọ̀ọ̀kan. Ní 2017, wọ́n rí àbùkù inú jíìnì DIRAS1 tó ń fa irú wárápá kan lára àwọn ọmọ ajá Rhodesian Ridgeback. Ṣáájú ọdún yẹn, "a ò mọ ohun tó fà á" náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Orúkọ ibi tí ìmọ̀ dé dúró lónìí ni.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi òróró ra àwọn dókítà lórí. Ajá tèmi, Bingo, kò tíì pé ọdún méjì àbọ̀ nígbà tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko àkọ́kọ́ tí a gbé e lọ, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n fi ọwọ́ kan imú rẹ̀, wọ́n ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ fítámìn, wọ́n gba owó. Kò sí ìbéèrè kan. Ọmọ ìyá ọfà ni fítámìn yẹn jẹ́. Àwọn méjèèjì fo iṣẹ́, wọ́n bọ́ sórí èsì.

Ẹnì kejì, ìyá àgbàlagbà kan, ò tíì fi ọwọ́ kan ajá tó fi béèrè pé, "Ṣé ẹ ká a sílẹ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Fídíò méjì ló wà lórí fóònù mi."

"Ẹ gbé e wá, ọmọ mi. Ẹ ò mọ̀ pé ẹ ti gbé ìdajì iṣẹ́ wá fún mi."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá wo fídíò kan náà. Ó ní kí n wo ojú ajá, kí n má wo ẹsẹ̀. Ó bi mí nípa eégbọn, nípa ohun tí a fi ń wẹ̀ ẹ́, nípa oúnjẹ, nípa àwọn òbí rẹ̀, bóyá wọ́n ti gbá a lórí rí. Ó gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ jáde ní mímọ́, ó ní òun ò rí ohun tó fà á, ó sì ṣàlàyé ìdí tí ìyẹn fi jẹ́ ìròyìn tó dáa ju ọ̀pọ̀ lọ.

Iṣẹ́ tó kù di tèmi. Mo ṣí fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà bí mo ṣe máa ń ṣe fún ẹ̀rọ tó bá ń kú láìsọ fúnni. Ọjọ́. Aago. Ó pẹ́ tó báwo. Kí ló ń ṣe ṣáájú. Kí ló jẹ. Ṣé ó mọ̀ mí. Ó tó ìgbà wo kó tó padà sípò. Láàárín oṣù méje, ìlà mẹ́sàn-án. Méje nínú wọn bọ́ sí àárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìdájí, ó ń sùn. Kò sí èyí tó tẹ̀lé eré. Kò sí èyí tó tẹ̀lé àlejò tí wọ́n ní ojú rẹ̀ burú. Ẹ̀fà, lẹ́yìn náà èje, lẹ́yìn náà ẹ̀jọ. Nígbà tí Màmá rí fáìlì náà, tó rí bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ara wọn, ó ní àkókò oògùn ti tó.

Phenobarbital ló fún un. Láti ọdún 1912 ni wọ́n ti mọ̀ pé ó ń dá wárápá dúró lára ènìyàn, ó sì wà lára àwọn tí àwọn dókítà ẹranko ń kọ́kọ́ mú. Potassium bromide, tí wọ́n máa ń fi kún un nígbà mìíràn, dàgbà jù ú lọ, 1857 ni tirẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ẹ máa rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri o. Ó ń mú kí ajá máa jẹ, kó máa mu omi, kó máa tọ̀, kó sì máa sùn níbẹ̀rẹ̀. Ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tí wọn ò bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ ò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nítorí pé ara ajá ti yá, torí gìrì tó máa tẹ̀lé e lè burú ju ti ìṣáájú lọ. Láti oṣù mọ́kànlá tí Bingo ti ń lò ó, ìlà méjì péré ló wọ fáìlì. Ohun tó fà á, títí di òní, mi ò mọ̀. Ajá mi sì ń sáré.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ níbi tí wọ́n ti ń kà á. "Ènìyàn ò tíì rí oúnjẹ jẹ, ẹ ń gba ẹ̀jẹ̀ ajá." Owó nira, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo béèrè fún dáadáa. Aago, fóònù, ìwé kékeré: ẹ ti ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àìfi ọ̀tápíápíá wẹ ajá, owó ni ìyẹn fi sílẹ̀ sápò yín. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ò wọ́n tó ọmọ ajá mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ra ajá ní owó tó lè san ilé ọdún kan nítorí kí ẹ lè ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má fi owó bojú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá tà ńkọ́? Tèmi pẹ̀lú yín pọ̀ díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìyá ajá yẹn máa ń ṣubú. Ẹ mọ̀ pé ọmọ méjì nínú àwọn tó bí kọjá ń ṣubú, torí àwọn tó rà wọ́n pè yín. Ẹ ní "ẹ̀rù ọkọ̀ ló bà á." Ẹ tún gbé e fún akọ. Àìsàn tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wá, ẹ ń tà á pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àti ríbọ́ọ̀nù. Ajá tó bá ń ṣe báyìí, ẹ má jẹ́ kó bímọ mọ́. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ pa á.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́ lórí rẹ̀. Mi ò fi ènìyàn wé ajá. Àwọn tó ń sáré gbé epo pupa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi ń mú àwọn méjèèjì. Ṣíbí tí wọ́n ń ki bọ ajá lẹ́nu, òun náà ni wọ́n ń ki bọ ọmọ lẹ́nu, tí eyín ọmọ ń kán. Bí wọ́n ṣe ń sá fún itọ́ ajá ni wọ́n ń sá fún itọ́ ọmọ iléèwé tó ṣubú lórí ìlà, pé ó ń ràn. Wárápá kì í ràn. Àjọ Ìlera Lágbàáyé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ènìyàn ló ní in, pé tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló lè máa gbé ayé wọn láìsí gìrì tí wọ́n bá rí àyẹ̀wò àti oògùn tó tọ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò ti pọ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni kò rí ìtọ́jú tó yẹ gbà. Phenobarbital yìí náà wà lára oògùn wọn. Ọmọ tó rí i bí ẹ ṣe fara balẹ̀ tọ́jú ajá lọ́jọ́ tó ṣubú, ó ti kọ́ bí a ṣe ń dúró ti ẹnìkejì ẹ̀ nínú kíláàsì. Èyí tó rí i tí ẹ jù ú sójú títì náà ti kọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, tí ajá yín bá ṣubú lálẹ́ òní, ẹ wo aago. Ẹ kó àga àti ohun tó lè gbá a lórí kúrò. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ ní kí àwọn ọmọdé dákẹ́. Ẹ má ki ọwọ́ tàbí ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ajá ò lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n ó lè gé ìka yín láìmọ̀. Ẹ má da nǹkankan sí i lọ́fun. Kí ẹnì kan máa ká a, kí ojú àti ara rẹ̀ hàn. Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó bá tó ẹ̀ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24, ẹ má dúró di òwúrọ̀, ẹ gbé e. Tí ajá náà ò bá gba abẹ́rẹ́ dígbòlugi rí, tí ìwà rẹ̀ sì ti yí padà láti bí ọjọ́ mélòó kan, ẹ jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí dígbòlugi tó bá ti fara hàn tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń bọ́ níbẹ̀.

Tí ó bá ti dìde, tí ó ti mọ̀ yín, ẹ mú bírò. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ aago, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú, ẹ kọ ohun tí ẹ fi ojú yín rí. Tí ará ilé bá ní kí ẹ kọ ọfà sí i, ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ló wọlé.